Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tanná sí yín lójú ló wà lórí fúlù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Riwáyà ni mí. Iná mọ́tò ni mò ń ṣe ní ìtòsí Orítá Challenge, níbí n'Ìbàdàn. Ọdún 1983 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́ ní Mọ́lété, láti ìgbà náà sì ni wáyà ti ń jó mi níka. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí sórí fóònù. Bí ẹ bá rí àmì ohùn tó ṣìnà, òun ni kẹ́ ẹ bá wí, òun ló ní òun mọ Yorùbá ju èmi tí mo bí i lọ.

Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan kò ní jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kó máa ṣépè fún àwọn tó ń tanná síni lójú lóru. Wọ́n á ní ìkà ni gbogbo wọn, fúlù, iná gíga tó ń tàn jìnnà, ni wọ́n fi ń rìn, kí ìjọba máa gba mọ́tò lọ́wọ́ wọn. Mo gbà pé ìkà wà níbẹ̀. Mo gbà pé àwọn kan sì wà tí wọn ò rántí mọ́ pé nǹkan kan ń jẹ́ dímù, iná rírẹlẹ̀ tí à ń lò bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tó jẹ́ pé dímù gan-an ni dírẹ́bà wà, tí kò mọ̀ pé òun ń fọ́ ẹlòmíràn lójú. Ọ̀rọ̀ irú àwọn yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, ọmọkùnrin kan tó ń fi Micra ṣe kábúkábú gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá mi. Sáńgo sí Mọ́níyà ló ń ná. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbà mí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, gbogbo mọ́tò tó ń bọ̀ ló ń fi iná ṣẹ́jú sí mi. Bí wọ́n bá dé ọ̀gangan mi, wọ́n á yọrí, wọ́n á bú bàbá tó bí mi lọ́mọ." Mo bi í pé ṣé kì í ṣe fúlù ló fi ń rìn. Ó fi Kùránì búra. Mo ní kó lọ jẹ ẹ̀wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún, kó padà wá nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, torí iná mọ́tò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wò lọ́sàn-án gangan.

Ògiri ilé ìkẹ́rùsí kan wà tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n kùn ún ní funfun nígbà kan, ó ti ń jọ eérú báyìí, ṣùgbọ́n ó wúlò fún mi ju ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ mi lọ. Nígbà tí ọmọ náà padà dé, mo ní kó kọjú Micra sí i, kó tanná sí dímù.

Iná apá òsì dára. Láti òsì wá dé àárín, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tó dé àárín ló wá gbéra, tó ń gùnkè díẹ̀díẹ̀ lọ sápá ọ̀tún bí ẹ̀gbẹ́ òrùlé. Iná apá ọ̀tún, òdìkejì rẹ̀ gbáà ni. Apá ọ̀tún ló tẹ́, apá òsì ló ń gùn lọ. Ìmọ́lẹ̀ méjèèjì wá forí kọra láàárín ògiri bí àgbò méjì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ mi, ojú mọ́tò rẹ kan ń wo Ìwó, èkejì ń wo Ẹdẹ. Níbo lo ti ra iná apá ọ̀tún yìí?"

Ó ní ọjà Agodi Gate ni. Ọlọ́kadà kan ló fọ́ ti àtijọ́, ó sì ra tòkunbọ̀ dípò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kọjú mọ́tò yín sí ògiri rí, ẹ lè máa rò pé dímù kò ju fúlù tí wọ́n bù kù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dímù ní ìrísí tirẹ̀. Apá ibi tí ọkọ̀ mìíràn yóò ti máa bọ̀ wá pàdé yín, wọ́n gé orí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ dúdú, kí ó má bàa gun ojú dírẹ́bà yẹn. Apá etí títì ni wọ́n jẹ́ kó gùnkè, kí ẹ lè tètè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ rí ewúrẹ́, kí ẹ rí tírélà tó bàjẹ́ tí ẹni tó ni ín kò já ewé sẹ́yìn rẹ̀.

Níbo wá ni etí títì wà? Àwa níbí, ọwọ́ ọ̀tún là ń gbà. Ṣùgbọ́n a kò fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni àwọn òyìnbó kọ́ wa, òun la sì ń gbà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, láyé Gowon, tí ìjọba yí i padà. Ọmọ ọdún 5 ni mí nígbà náà. Bọ̀lẹ́kájà ni bàbá mi ń wà, ó sì máa ń sọ fún wa pé odindi ọ̀sẹ̀ kan ni òun fi so okùn pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún òun, kí òun má bàa gbàgbé ibi tí òun ó gbà. Ìlú Ọba kò yí tiwọn padà. Japan náà kò yí tiwọn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà di òní olónìí. Iná tí wọ́n bá ṣe fún mọ́tò tí yóò máa rìn ní London tàbí Tokyo, apá òsì ni yóò ti gùnkè, torí ibẹ̀ ni etí títì tiwọn wà. Ẹ wá gbé irú iná bẹ́ẹ̀ wọ Ìbàdàn, ẹ fi sára Micra, ẹ máa gba ọwọ́ ọ̀tún lọ sí Mọ́níyà: ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó máa wo ewúrẹ́ létí títì, ojú dírẹ́bà tó ń bọ̀ ló ń lọ tààrà.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó rà á kò lè mọ̀. Ẹ lọ sí Agodi Gate, ẹ ó rí iná iwájú tí wọ́n tò jọ gègèrè bí àwo olówò abọ́. Ọmọ ọjà á mú ọ̀kan, á gbé e sójú ihò mọ́tò yín, á wọlé ṣinṣin. Gbogbo ibi tí bólùtì ń gbà á bára mu, sọ́kẹ́ẹ̀tì á wọlé, iná á tàn. "Ọ̀gá, ó wọlé àbí kò wọlé?" Ó wọlé lóòótọ́. Kí lẹ tún fẹ́ sọ? Ẹ ó sanwó, ẹ ó lọ. Èyí tó tún burú jù ni mọ́tò tó jẹ́ pé apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà nígbà tó dé, tí wọ́n wá yí i sí òsì. Wọ́n á yí sítíárìn, wọ́n á yí dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á gbé pẹ́dàlì kúrò níbì kan sí ibòmíràn, iná iwájú nìkan ni wọn ò ní rántí. Mọ́tò náà á ti di ti Nàìjíríà, ojú rẹ̀ nìkan ló ṣì wà ní òkè òkun.

Ọ̀nà wà tí a fi ń mọ̀ ọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Iná tí wọ́n ṣe ní ìlànà Yúróòpù máa ń ní àmì róbótó kan lára gíláàsì rẹ̀, lẹ́tà E àti nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀. Ẹ fi àtàńpàkò nu eruku ibẹ̀ kúrò, kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí ọfà kékeré kan nítòsí rẹ̀, tó na orí sápá ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀yin tí ẹ dojú kọ iná náà, ti àwọn tó ń gba ọwọ́ òsì ni. Ẹ má rà á. Bí kò bá sí ọfà rárá, tiwa ni. Bí ọfà náà bá lórí méjì, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, irú èyí ṣe é yí sí ibi tó bá wù yín. Iná mìíràn kò ní àmì E kankan lára, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe fún ìlò àwọn ará Japan fúnra wọn. Ìyẹn, ògiri nìkan ló lè sọ òótọ́ rẹ̀. Ẹ gbé bátìrì àti wáyà méjì dání lọ sọ́jà, kí ẹ tan án sí ibi tó ṣókùnkùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti fi èmi náà ṣe é.

Nísinsin yìí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan, kí ẹ má bàa rò pé mo kàn ń ṣe ọ̀gá lé àwọn ọmọ ọjà lórí ni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àna mi kan gbé mọ́tò rẹ̀ wá pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: wọ́n ń bú òun lóru. Mi ò wo ọfà kankan. Ọwọ́ mi dí, ilẹ̀ sì ti ń ṣú lọ. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe, mo fi sùkúdíráfà yí ìdè ẹ̀yìn iná náà, mo tẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, wálẹ̀, títí kò fi lè dé ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Àna mi dúpẹ́, ó fún mi lówó, mi ò fẹ́ gbà, ó jù ú sínú àpótí irinṣẹ́ mi. Ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí láti ọ̀nà Ẹ̀rúwà. Ó ti kọjá Ìdó nígbà tó lọ gun òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn kan dà sétí títì. Ọlọ́run yọ ọ́, orúnkún rẹ̀ ló gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, rádíétọ̀ sì fọ́ yángá. Ó ní òun kò rí òkìtì náà àfi ìgbà tó ti wà lábẹ́ imú mọ́tò.

Mo lọ ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí ara mi balẹ̀. Àárín iná mọ́tò rẹ̀ ga tó ìnǹṣì 26 láti ilẹ̀. Ibi tí mo tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dé, ìnǹṣì 9 ló ń fi sọ̀kalẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 25. Ìyẹn ni pé kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ 72 lọ tí ìmọ́lẹ̀ fi ti wọlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí mọ́tò bá ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí, ẹsẹ̀ 72 kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan péré lọ. Kí ènìyàn tó sọ pé "Yéè!" ó ti tán. Bí mo bá fi sí ìnǹṣì 3 tó yẹ kó wà ni, ìmọ́lẹ̀ yẹn ì bá dé nǹkan bí ẹsẹ̀ 216. Iná tó kọjú síbi tí kò yẹ, títẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kì í wò ó sàn. Ojú ẹlòmíràn ni mo gbà là, ojú àna mi ni mo dí.

Ẹni tí iná rẹ̀ bá jẹ́ irú tiwa, tó kàn fẹ́ tún un tò, èyí kì í ṣe iṣẹ́ tó le, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ibi tó tẹ́ ni wàhálà, torí Ìbàdàn kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ. Òkè-Àdó, Òkè-Àrẹ̀mọ, Òkè-Bọ́là, ẹ ṣáà gbọ́ orúkọ wọn. Èmi máa ń fi ìgò omi tó kún dé ìdajì lélẹ̀ níbi tí mọ́tò yóò dúró sí, kí n wò ó bóyá omi inú rẹ̀ tẹ̀ síbì kan. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó yẹ. Ẹ kó ẹrù búùtù kúrò, kí ẹnì kan jókòó sáyè dírẹ́bà. Ẹ kọ́kọ́ sún mọ́tò mọ́ ògiri tímọ́tímọ́, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀gangan àárín iná kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fa ìlà gbọọrọ kan láti àmì sí àmì. Ẹ fa ìlà kejì ní ìnǹṣì 3 sí ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá fi rìfáàsì padà sẹ́yìn ní tààrà, ẹsẹ̀ bàtà 25 gééré. Ẹ fi aṣọ bo iná kan, kí ẹ máa wo èkejì. Orí apá tó tẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ sùn sórí ìlà ìsàlẹ̀. Ibi tó ti ń gbéra gùnkè gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan àmì tí ẹ fi sí àárín iná náà. Ìdè méjì ló sábà máa ń wà lẹ́yìn iná, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ń yí i bí ẹni ń ṣí ẹ̀rọ omi, wọ́n á ṣẹ́ rọ́bà inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá di ti ìràn mìíràn.

Kí n tó gbàgbé: lára dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn mọ́tò kan, bọ́tìnnì kékeré kan wà tí wọ́n kọ 0, 1, 2, 3 sí, àwòrán iná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti bi ọ̀pọ̀ dírẹ́bà léèrè ohun tó wà fún. Ọ̀kan sọ fún mi pé ẹ̀rọ amúlétutù ni. Ẹrù ló wà fún. Bí búùtù bá kún, tí ẹ̀yìn mọ́tò wọlẹ̀, imú rẹ̀ á gbéra sókè, iná á sì máa wo orí igi. Ẹ yí i sí 2 tàbí 3, iná á padà wálẹ̀. Bí ẹ bá já ẹrù tán, ẹ dá a padà sí 0. Lórí 0 náà ló gbọ́dọ̀ wà bí ẹ bá ń tún iná tò níwájú ògiri. Ẹ̀yin oní-Micra tí ẹ ń di èèyàn 4 sẹ́yìn, tí ẹ tún ń ti àpò ẹ̀fọ́ sí búùtù, ẹ gbọ́.

Ó tún ku àwọn tí tiwọn jẹ́ òdìkejì èyí: iná wọn kì í fọ́ ẹnikẹ́ni lójú, nítorí kò tilẹ̀ tàn. Gílóòbù ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń sáré lọ rà, èyí tó lágbára jù. Ọjà á fún wọn ní èyí tí wọ́n kọ 100/90 sí lára dípò 60/55 (wáàtì fúlù àti ti dímù rẹ̀ nìyẹn). Iná á tàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà sọ́kẹ́ẹ̀tì á yọ́, torí wáyà tí wọ́n ṣe fún nǹkan bí ampere 5 ni wọ́n ń fa tó ampere 8 gbà kọjá. Mo ní agolo mílíìkì kan tó kún fún sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yọ́. Mo máa ń dà á sílẹ̀ níwájú ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn.

Ìyá kan wà tó ń kó gàrí láti Láńlátẹ̀ wá sí ọjà Bódìjà, bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan ló ní. Ó ti ra gílóòbù ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Iná náà pọ́n bí epo pupa, bí ìgbà tí wọ́n tan àtùpà sẹ́yìn bébà. Mo fi mítà sí orí bátìrì, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ: fóòtì (volt) 14.1. Èyí dára, torí àárín 13.8 sí 14.4 ló yẹ kó wà. Mo gbé mítà lọ sẹ́yìn gílóòbù: 10.9. Fóòtì 3 àti díẹ̀ ti sọnù lójú ọ̀nà! Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Bí fóòtì tó dé ọ̀dọ̀ gílóòbù bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Fóòtì tirẹ̀ tó sọnù ti ju ìdá méjì nínú mẹ́wàá lọ.

Mo wọ inú bọ́ọ̀sì, mo jókòó, mo tanná sí dímù, mo ń wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná búlúù kékeré tó máa ń tàn bí a bá wà lórí fúlù ń tàn fírífírí, bẹ́ẹ̀ dímù ni mo wà. Mo pè é. "Ìyá, ẹ wá wo nǹkan kan. Gílóòbù yín kò ṣe nǹkan kan. Ẹ́ẹ̀tì yín ló ti já." Ó ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ wò ó bí omi inú gọ́tà: iná gba ojú ọ̀nà kan wọlé sínú gílóòbù, ó gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde. Bí wọ́n bá dí ojú ibi tó ń gbà jáde, yóò máa wá ihò kiri. Yóò gba inú fúlù, yóò gba inú iná búlúù, yóò máa rìn gbéregbère káàkiri, agbára rẹ̀ á sì ti tán kó tó dé ibi tó ń lọ.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, lára irin tó gbé rádíétọ̀ dúró, wáyà dúdú kan wà tí wọ́n fi bólùtì kan dè mọ́ ara mọ́tò. Pánẹ́ẹ̀bítà ti kun ibẹ̀ nígbà kan, ó kun ún mọ́ bólùtì, mọ́ òrùka wáyà. Lábẹ́ ọ̀dà ni ìpẹtà ti ń jẹun láti ìgbà náà. Mo fi sípánà 10 tú u. Òrùka wáyà náà ti di àwọ̀ ewé, ó sì ń rún lọ́wọ́ mi bí àkàrà àná. Mo gé e, mo fi tuntun sí i, mo fi sáńpépà ha irin abẹ́ rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo dè é, mo fi gírísì díẹ̀ bò ó. Mítà sọ pé 13.2. Gílóòbù kan náà ni o, èyí tó fẹ́ jù nù. Ìyá náà wo ògiri, ó wo mí, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ra gílóòbù yìí!" Kóńgò gàrí 2 ló fi kún owó iṣẹ́ mi.

Bí iná kan ṣoṣo ni kò tàn, ẹ wo fíùsì rẹ̀ kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn, ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ní ti ọ̀tún àti ti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù, ẹ má fi ìka òfìfo di gíláàsì rẹ̀ mú. Òróró ọwọ́ yín á mú kó gbóná jù níbi tó bá kàn, á sì tètè kú. Ẹ rí i pé etí irin ara rẹ̀ wọ inú ihò wọn dáadáa. Gílóòbù tó bá wọ́ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fọ́n káàkiri, ẹ̀yin á wá máa dá ìdè lẹ́bi.

Gíláàsì tó ti pọ́n (rọ́bà ni, oòrùn ló ń jẹ ẹ́), ẹ jọ̀wọ́, ọṣẹ ìfọyín tí àwọn ọmọ fi ń fọ̀ ọ́ létí títì kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Sáńpépà olómi 800, lẹ́yìn rẹ̀ 1000, lẹ́yìn rẹ̀ 2000, lẹ́yìn náà kí ẹ fín ọ̀dà aláìláwọ̀ tó lè gba oòrùn sára. Láìsí ọ̀dà yẹn, ẹ kàn bó o láwọ fún oòrùn ni.

Ní ti gílóòbù LED funfun tí gbogbo ọmọdé ń rà báyìí, mi ò ní parọ́, ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo dídán inú iná yín, ojú ibi tí okùn gílóòbù àtijọ́ wà gẹ́lẹ́ ni wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. LED kì í sábà tàn láti ojú ibẹ̀. Pẹrẹsẹ tí mo sọ lókè yẹn á bàjẹ́, ìmọ́lẹ̀ á máa tú jáde bí omi inú asẹ́. Ẹni tó bá gbé e wá fún mi, mo máa ń kọjú mọ́tò rẹ̀ sí ògiri kó fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn kan yọ ọ́. Àwọn kan ní ẹwà rẹ̀ ni àwọn ń fẹ́.

Kí n padà sórí ọmọ oní-Micra. Ní ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e lọ sí Gate, torí mo mọ̀ pé bí òun nìkan bá lọ, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ dídùn dá a padà. Mo fi ọfà náà han ọmọ ọjà. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ta iná, òun kò rí i rí. Mo gbà á gbọ́, ojú rẹ̀ kò jọ ti òpùrọ́. Ó ní òun ò ní dá owó padà, ṣùgbọ́n òun á pààrọ̀ rẹ̀. A tú òkìtì. Ọfà, ọfà, ọfà. Ìkẹrin la rí tí kò ní. Ọmọ oní-Micra gbé tirẹ̀, ó ti ń lọ. Àmọ́ ọmọ ọjà kò jẹ́ kí n lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ nu gbogbo iná tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń to ọlọ́fà sápá kan, aláìlọ́fà sápá kejì. Nígbà tó ṣe tán, ó dúró, ó káwọ́ lérí, ó wo òkìtì ọlọ́fà. "Bàbá," ó ní, "owó ni mo fi rà wọ́n. Ta ni kí n wá tà wọ́n fún?"

Mo ní kó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìdè inú wọn tà. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ òkò. N kò bá a wí.

Olóòtú, àwọn tó ń kó iná wọ̀nyí wọlé láti òkè òkun ló yẹ kó máa wo ọfà yẹn kí wọ́n tó dì í, kì í ṣe ọmọ ọjà tó rà á lẹ́yìn tó ti dé. Bí àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú títì bá sì fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kí wọ́n máa yẹ iná wò lálẹ́ níwájú ògiri. Lọ́sàn-án, wọ́n á ní "Tanná," ó tàn, "Ó yá, máa lọ." Kí ni wọ́n wá rí?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí: bí àyè bá wà, ẹ bá mi ya àwòrán àmì E àti ọfà yẹn sínú ìwé ìròyìn yín, kí ó tóbi dáadáa, kí ẹni tó bá ń lọ sí Gate lè gé e sínú àpò rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ wá lo ògiri mi, ọ̀fẹ́ ni, láti aago méje alẹ́ lọ, àfi ọjọ́ Àìkú. Kí ó ti fún táyà rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kó tó dé o, fọ́kanáísà ẹ̀gbẹ́ mi kì í pẹ́ kó tó lọ sílé.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì Riwáyà,
Orítá Challenge, Ìbàdàn.